Àwọn Ìlà Tí Mo Pa Rẹ́

"Àwọn wo lo yọ kúrò?"

Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo bá a sùn, mo bá a jí. Bí mo bá ń fọ abọ́, á tún ta sí mi lọ́kàn. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi ló bi mí. Ohùn rẹ̀ rọ̀, kò bínú rárá, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Èmi tí mo ti lo ọdún kan gbáko nídìí másítàs ẹpidẹmiọ́lọ́jì (ẹ̀kọ́ nípa bí àìsàn ṣe ń mú àwọn èèyàn láwùjọ), tí mo mọ fọ́múlà bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, mi ò rí èsì fọ̀ fún un.

Mo ń kọ èyí fún ẹni tó bá ń rò ó láti kọ́ ìmọ̀ yìí, àti fún ẹni tí nọ́ńbà àìsàn ń ya lù lójoojúmọ́ nínú ìròyìn. Ọ̀pọ̀ gbà pé àjàkálẹ̀ àrùn nìkan là ń kọ́. Àjàkálẹ̀ àrùn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru, jẹjẹrẹ, jàǹbá ọkọ̀, ikú ìkókó àti ìdààmú ọkàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Dókítà a máa wo ẹnì kan tó jókòó síwájú rẹ̀. Àwa a máa wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún pa pọ̀, ká lè mọ ìdí tí àìsàn fi mú àwọn kan tó sì fo àwọn mìíràn dá.

Fáìlì tó mọ́ tónítóní

Ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ ni iṣẹ́ ìwádìí mi dá lé. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tí oògùn rẹ̀ ń ràn, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fi tọ́jú rẹ̀: oògùn mẹ́rin lóṣù méjì àkọ́kọ́, méjì lóṣù mẹ́rin tó kù. Tó bá parí, wọ́n á kọ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé ńlá: ó sàn, ó parí oògùn, oògùn kò ràn án, ó kú, tàbí a kò rí i mọ́. Ẹni tó bá dá oògùn dúró fún oṣù méjì léraléra, "a kò rí i mọ́" ni wọ́n ń kọ sí i. Ìbéèrè tèmi kò le: bí ilé aláìsàn bá jìnnà sí ilé ìwòsàn, ṣé ó ń dí ìwòsàn rẹ̀ lọ́wọ́?

Dátà tí mo gbà kò ní orúkọ nínú, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ó dọ̀tí bí dátà ṣe máa ń dọ̀tí. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ 340. Ẹlòmíràn parí oògùn kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó tì í fún ọjọ́ mélòó kan, mo ń tún un ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá mo kan àwọn ìlà tí òpó àbájáde wọn ṣófo tàbí tí wọ́n kọ "a kò rí i mọ́" sí. Mo ro ó pé ẹni tí n kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí sí, kí ni mo fẹ́ fi í ṣe? Mo kọ àṣẹ kan ṣoṣo sí kọ̀ǹpútà, mo tẹ bọ́tìnnì, gbogbo wọn lọ. Kò gbà tó ìṣẹ́jú kan.

Fáìlì mọ́ tónítóní. Mo ṣe ìṣirò, èsì jáde: àwọn tó ń gbé nítòsí àtàwọn tó ń gbé lọ́nà jíjìn, ìwòsàn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Inú mi dùn, nítorí ìròyìn ayọ̀ ni lójú mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀nà jíjìn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, mo sì fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ mi. Ó kà á dé òpin, ló bá padà sí ojú ìwé kejì níbi tí mo kọ gbólóhùn kúkúrú kan sí: "A yọ àwọn tí àbájáde wọn kò sí kúrò."

"Àwọn wo lo yọ kúrò?"

"Àwọn tí àbájáde wọn kò sí ni, mà."

"Mo rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn wo ni wọ́n?"

"Kà wọ́n fún mi"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, gbogbo ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ṣe ni mo ṣe, àfi èyí tó yẹ gan-an. Mo ka ìwé nípa dátà tó sọnù. Mo kọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe lè fi ohun tó mọ̀ nípa èèyàn méfò ohun tí kò mọ̀. Mo kọ ojú ìwé mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ ńláńlá kún inú rẹ̀. N kò ṣí fáìlì àkọ́kọ́ wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí mo padà lọ bá olùkọ́ mi, kò wo ojú ìwé mẹ́rin náà. Ó fa àga sún mọ́ mi, ó ní, "Ṣí fáìlì tí o kọ́kọ́ gbà. Mú àwọn tí o yọ jáde. Kà wọ́n fún mi."

"Gbogbo wọn, mà?"

"Gbogbo wọn."

Mo bẹ̀rẹ̀. "Ọkùnrin, ọdún 34, ọ̀nà jíjìn, ó wá kẹ́yìn lóṣù kejì. Obìnrin, ọdún 27, ọ̀nà jíjìn, oṣù kejì. Ọkùnrin, ọdún 61, ìtòsí, ọ̀sẹ̀ kẹta. Obìnrin, ọdún 45, ọ̀nà jíjìn, oṣù kejì. Obìnrin, ọdún 19, ọ̀nà jíjìn, oṣù kẹta." Mo kọ́kọ́ ń sáré kà á bí ẹni tó ń ka nọ́ńbà fóònù. Nígbà tó tó bí ẹni kẹwàá, ohùn mi yí padà, ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ mi ń falẹ̀. Ọ̀nà jíjìn, oṣù kejì. Ọ̀nà jíjìn, oṣù kejì. Olùkọ́ mi kò sọ nǹkan kan. Ó fi mí sílẹ̀ kí etí mi gbọ́ ohun tí ẹnu mi ń sọ.

Tó bá fi máa di oṣù kejì, ara sábà máa ń ti bọ̀ sípò. Ikọ́ ti rọlẹ̀, oúnjẹ ti ń wọlé, aláìsàn lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ilé ìwòsàn wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ lè máa yà gba oògùn rẹ̀. Ẹni tó máa ń lo odindi ọjọ́ kan lójú ọ̀nà kó tó débẹ̀ yóò bi ara rẹ̀ pé kí ni mo tún ń wá lọ nígbà tí ara mi ti yá. Kòkòrò àrùn kò sì tíì kú tán nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ti bàbá ẹni ọdún 61 tó dúró ní ọ̀sẹ̀ kẹta yàtọ̀ sí ìyẹn. Ìtòsí ló ń gbé, n kò sì mọ ohun tó dá a dúró. Mo ka ìlà tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà tó rọrùn ṣàpẹẹrẹ ohun tí mo ti ṣe. Ká ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń gbé nítòsí bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, tí 83 sàn, tí 12 kò sàn, tí márùn-ún pòórá. Ká ní ọgọ́rùn-ún mìíràn tó ń gbé lọ́nà jíjìn bẹ̀rẹ̀, tí 57 sàn, tí mẹ́jọ kò sàn, tí 35 pòórá. Bí mo bá pa àwọn tó pòórá rẹ́, yóò ku 83 nínú 95 àti 57 nínú 65. Ẹ bá mi pín in: nǹkan bí 87 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti àkọ́kọ́, nǹkan bí 88 ni ti èkejì. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba! Àwọn ọ̀nà jíjìn tiẹ̀ fi díẹ̀ ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ 83 ni a mọ̀ dájú pé ó sàn níhìn-ín, tí ó jẹ́ 57 péré lọ́hùn-ún. Ohun tí mò ń wá kiri, àárín àwọn tí mo pa rẹ́ ló wà. Ọ̀nà tó jìn ti kọ́kọ́ dá wọn dúró, èmi náà wá fi bọ́tìnnì lé wọn jáde lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà

Mo padà sí ìtàn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ fún wa, ti John Snow àti àrùn onígbáméjì ní London lọ́dún 1854. Gbogbo ẹni tó bá ti ya ìdí ẹ̀kọ́ wa ló mọ̀ ọ́n: dókítà fi àmì sórí àwòrán ilẹ̀ níbi tí èèyàn ti kú, àmì pọ̀ yí ẹ̀rọ omi kan ká ní Broad Street, wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án. Snow fúnra rẹ̀ gbà pé àrùn ti ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́, nítorí àwọn èèyàn ti sá kúrò ládùúgbò. Ìyẹn kì í dé etí ọ̀pọ̀ èèyàn.

Nígbà tí mo tún ìtàn náà kà, àwọn tí kò kú ni ojú mi wà lára wọn. Ilé àwọn aláìní kan wà nítòsí ẹ̀rọ omi yẹn, 535 èèyàn ló ń gbé inú rẹ̀. Àrùn pa àwọn aládùúgbò wọn lọ rẹpẹtẹ, márùn-ún péré ló sì kú nínú tiwọn. Wọ́n ní kànga tiwọn. Ibi ìpọntí kan wà ní Broad Street gan-an, ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ju 70 lọ, onígbáméjì kò sì pa ìkankan nínú wọn. Ọtí ni wọ́n ń mu, wọn kì í débi ẹ̀rọ omi náà. Ká ní Snow ka òkú nìkan, yóò mọ̀ pé ikú wà ládùúgbò. Àwọn tó wà láàyè ló sọ fún un ibi tí ikú ń gbà wọlé.

Iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn lọ́dún yẹn kan náà ló tilẹ̀ wọ̀ mí lára jù. Ilé iṣẹ́ omi méjì ń ta omi ní gúúsù London, páìpù wọn sì ń gba àwọn òpópónà kan náà kọjá, ilé yìí ń lo ti ọ̀kan, ilé tó tẹ̀ lé e ń lo ti èkejì. Southwark and Vauxhall ń fa omi odò Thames níbi tí ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú ti ń dà sí i. Lambeth ti gbé ojú ibi tó ń fa omi lọ sókè odò lọ́dún 1852. Snow tọpa òkú délé, ó ń béèrè omi tí ilé kọ̀ọ̀kan ń lò. Ní ọ̀sẹ̀ méje àkọ́kọ́ àrùn náà, èèyàn 1,263 kú nínú àwọn ilé Southwark and Vauxhall, 98 kú ní ti Lambeth, 1,422 sì kú ní ìyókù London.

Ẹ dúró wò ó. Ìyókù London ni òkú ti pọ̀ jù. Bí a bá fi ibẹ̀ mọ, a ó ní omi Southwark and Vauxhall kò burú tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn òkú 1,422 yẹn ni ilé 256,423. Ohun tó wà lẹ́yìn 1,263 kò ju ilé 40,046 lọ. Lambeth ní 26,107. Bí a bá pín in, nínú gbogbo ilé 10,000, nǹkan bí 315 ló kú lọ́dọ̀ Southwark and Vauxhall, nǹkan bí 37 lọ́dọ̀ Lambeth, nǹkan bí 55 ní ìyókù ìlú. Nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ló jẹ́ kí ti òkè ní ìtumọ̀, ilé tí ẹnikẹ́ni kò kú sí ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ojú mi ti rékọjá lórí àtẹ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta kí ọ̀rọ̀ tèmi tó ṣẹlẹ̀.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá

Ìwádìí Richard Doll àti Austin Bradford Hill, àwọn olùwádìí méjì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde lọ́dún 1950 wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ wa pẹ̀lú. Wọ́n lọ bá àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ní ọsibítù, wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n ń fa sìgá. Nínú ọkùnrin 649, méjì péré ni kì í fa sìgá. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè pariwo pé sìgá ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà yẹn, ọkùnrin wo ni kì í fa sìgá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Wọ́n lọ bá 649 ọkùnrin mìíràn tí àìsàn tó yàtọ̀ gbé dé ọsibítù, wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Níbẹ̀, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni kì í fa á.

Méjì sí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Àwọn nọ́ńbà tó kéré jù nínú àtẹ náà ló gbé ẹjọ́ náà ró. Mo máa ń ronú sí àwọn ọkùnrin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n yẹn, tí wọ́n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú àìsàn tiwọn, tí àjèjì wá ń bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ sìgá. Wọn kò lè mọ̀ pé "rárá" tí wọ́n fọ̀ yóò wúlò fún ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí wọn kò ní rí láé.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kan mọ́ kí n má dúró. Ẹnì kan á ní, "Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ tó lo oògùn yìí ló yè." Òótọ́ ni ó ń sọ, nítorí ẹni tí kò yè kò sí níbẹ̀ láti jẹ́rìí. Ọ̀mọ̀wé pàápàá a máa ṣì í. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwádìí tó kàn ń wo àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń gbé ayé wọn ń sọ pé àwọn tó ń lo họ́mónù lẹ́yìn tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró kì í sábà ní àrùn ọkàn. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní Women's Health Initiative wá kó obìnrin tó lé ní 16,000 jọ, wọ́n fi ìbò pín wọn, àwọn kan gba họ́mónù, àwọn kan gba oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Wọ́n dá a dúró láìpé àkókò lọ́dún 2002: kò dáàbò bo ọkàn, ewu jẹjẹrẹ ọmú sì ga sí i. Ọ̀kan nínú ohun tó fa ìyàtọ̀ yẹn ni pé àwọn obìnrin tó ń lo họ́mónù tẹ́lẹ̀ sábà máa ń rọ́wọ́ họrí, wọ́n ń rí dókítà, wọ́n ń ṣe eré ìdárayá. Àwọn tí kò rọ́wọ́ họrí wà lódì kejì, ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè irú ayé tí wọ́n ń gbé kò pọ̀.

Bí ẹ bá sì ń ṣe ìwádìí bóyá kí ẹ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, àwa tí a parí nìkan lẹ máa bá pàdé. A ó sọ fún yín pé sáà àkọ́kọ́ le, pé ìṣirò pọ̀, pé kíkọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà ń mú orí gbóná, pé ó yanjú nígbà tó yá. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó yanjú fún àwa. Nínú àwọn tí a jọ wọlé, àwọn kan wà tí a kò rí mọ́ lẹ́yìn ìdánwò àkọ́kọ́. Ọ̀kan lára wọn mọ ìṣirò jù mí lọ, iṣẹ́ tó fi ń gbọ́ bùkátà ni kò fún un láyè. Ẹ wá irú rẹ̀ rí kí ẹ tó gba ìmọ̀ràn mi gbọ́.

A padà lọ wá wọn

Mo dá àwọn ìlà náà padà sínú fáìlì. Mo tún ìṣirò ṣe, mo kọ́kọ́ ṣe é bí ẹni pé gbogbo àwọn tó pòórá ló sàn, mo tún ṣe é bí ẹni pé kò sí ìkankan tó sàn, kí n lè mọ ibi tí òtítọ́ lè fẹ̀ dé. Àlàfo àárín méjèèjì fẹ̀ débi tí n kò lè kọ ohun tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀. Gbólóhùn nípa ọ̀nà jíjìn lọ sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí.

Olùkọ́ mi ní ìṣirò nìkan kò tó. A kọ̀wé gba àṣẹ, a sì fi àwọn nọ́ńbà ìdánimọ̀ náà ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tí ìwé ńlá wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ló mọ orúkọ, àwọn ló pe fóònù, àwọn ló fi ẹsẹ̀ rìn délé. Èsì ń wọlé díẹ̀díẹ̀, lọ́rọ̀ kan tàbí méjì. Ó kó lọ. Ó kú. Ó parí oògùn níbòmíràn. Ó kú. Ó ti padà bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ọjọ́ kan wà tí mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí omijé ń bọ́ lójú mi, mo sì ń tẹ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sínú òpó tó yẹ. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.

Èsì tí mo kọ nígbẹ̀yìn kò dùn ún kà bíi ti àkọ́kọ́. Ọ̀nà jíjìn ń pààyàn lára, kì í sì í ṣe kékeré. Olùkọ́ mi kà á dé òpin, ó padà sí ojú ìwé kejì, ó bi mí pé mélòó ló ṣì ṣófo. Mo sọ iye wọn fún un. Mo tún sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, láìwo ìwé.

Bàbá ẹni ọdún 61 wà nínú wọn. Wọ́n pe nọ́ńbà tó fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó ń dún, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Òṣìṣẹ́ tó lọ délé bá ilẹ̀kùn ní títì. Ìlà rẹ̀ ṣì wà nínú fáìlì mi: ọkùnrin, ọdún 61, ìtòsí, ọ̀sẹ̀ kẹta, òpó tó kẹ́yìn ṣófo.